Àpótí Tí Kò Ní Álọ́ọ̀mù

Orúkọ ọmọ mi ni wọ́n kọ sára àpótí náà, àmọ́ ọmọ mi kò sí ní Chicago. Abẹ́òkúta ló wà lọ́dọ̀ ìyá mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó ti di ọdún kejì tí mo fi í sílẹ̀ wá fi oyè kún oyè ní yunifásítì tó wà ní Hyde Park níbí. Inú ìwé ìròyìn ọmọdé kan ni mo ti rí ìpolówó náà: oṣooṣù ni wọn yóò máa fi ohun èlò sáyẹ́ǹsì ránṣẹ́ sílé. Mo fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wù mí kí orúkọ rẹ̀ máa wá sẹ́nu ọ̀nà mi.

Àpótí kejì ló dá ìjà sílẹ̀. Wọ́n ní ká yọ́ álọ́ọ̀mù sínú omi gbígbóná, ká so òwú rọ̀ sínú ìgò rẹ̀, òkúta tó ń dán bíi dígí yóò sì hù lára òwú. Kí n tó yẹ inú àpótí wò dáadáa, mo ti fi ẹ̀dà ìlànà rẹ̀ ránṣẹ́ sọ́mọ mi, mo sì ti dá Sátidé kan: èmi níhìn-ín, òun lọ́hùn-ún, a ó jọ bẹ̀rẹ̀.

Òwú wà, ìgò wà, síbí wà. Álọ́ọ̀mù kò sí. Ẹ̀ṣẹ̀ kìíní nìyẹn. Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó fi àpótí náà ránṣẹ́. Wọ́n pè mí ní “onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wa kékeré,” wọ́n fi òwú mìíràn ránṣẹ́: ẹ̀ṣẹ̀ kejì. Mo tún kọ ojú ewé mẹ́ta, mo fi typewriter tẹ̀ ẹ́. Wọ́n fi síbí ránṣẹ́. Sátidé wa sì ti kọjá.

Ẹ̀gbọ́n kan, nọ́ọ̀sì tó ń gbé lókè yàrá mi, fi mí ṣẹ̀fẹ̀. “Ó kù díẹ̀ kí síbí rẹ pé dọ́sìn.”

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n jẹ̀bi ni.”

“Mo gbọ́. Ṣé ẹni tó jẹ̀bi ló máa bá ọ so òwú?”

Nígbà tó yá, ẹnìkan tó ti ilé dé mú lẹ́tà ọmọ mi wá, pẹ̀lú páálí ìṣáná kan. Òkúta dídán kan wà nínú rẹ̀, ó tó orí àtàǹpàkò mi. Álọ́ọ̀mù tí ìyá mi fi ń mú omi kànga tòrò ló bù lò. “Mọ́mì, Sátidé tí ẹ dá ni mo bẹ̀rẹ̀. Màmá ní kí n má fọwọ́ kàn án, mi ò sì fọwọ́ kàn án. Báwo ni tiyín ṣe tóbi tó?”

Mo gbé e lọ fi han ẹ̀gbọ́n. Ó wò ó títí.

“Ṣé álọ́ọ̀mù lo ti ń wá látọjọ́ yìí? Ó wà ní grocery, lẹ́gbẹ̀ẹ́ thyme tí ò ń rà.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?”

“Ṣé o bi mí ni? Ẹjọ́ lò ń rò.”

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, nínú ìgò kékeré kan tí ọwọ́ mi ti ń kọjá lára rẹ̀ láti oṣù mélòó kan. Ilé-iṣẹ́ náà ṣì jẹ̀bi, mi ò yí ohùn padà. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ẹni tí mo lè kọ̀wé sí nípa Sátidé yẹn.

Mo so tèmi rọ̀ lójú fèrèsé. Ìlànà ní ká má yọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mò ń yọ ọ́ láàárọ̀, mo tún ń yọ ọ́ bí mo bá ti kíláàsì dé, mo ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ mi wò. Ohun tí mo fi dá lẹ́tà rẹ̀ lóhùn nìyí: tèmi ò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, nítorí mi ò jẹ́ kó sinmi.