Ilé Tí À Ń Mì Ní Allen

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní ọ́fíìsì wa ní Allen, n'Ìkẹjà, kò tíì yé ìyá mi títí dòní. Mo ní, "Màmá, ilé tí wọn ò tíì kọ́ la máa ń mì." Wọ́n ní, "O ò ríṣẹ́ mìíràn ṣe?" Ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. A ó ya ilé sínú kọ̀ǹpútà, a ó wá fi ìmìtìtì ilẹ̀ tó ti ṣẹlẹ̀ rí níbòmíràn mì ín díẹ̀díẹ̀, ká lè rí ohun tí òpó kọ̀ọ̀kan máa ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nígbà kan, a gba iṣẹ́ ilé-ìwé alájà mẹ́rin nílùú òkèèrè tí ilẹ̀ ti máa ń mì. Ọ̀gá wa, bàbá Èkìtì kan tí wọn kì í fi àdúrà ṣeré, ní bí ilé náà bá dúró kó tó di ọjọ́ Ẹtì, èmi ni màá fọwọ́ sí àwòrán rẹ̀. Mi ò fọwọ́ sí nǹkan kan rí! Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì ń dùn.

Ká tó mi ilé, gbogbo wa a máa dìde gbàdúrà. Ọ̀gá á gbà á ní ti Kristẹni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń yàwòrán lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á ṣe "Áámíìn" tirẹ̀, a ó wá tẹ bọ́tìnnì. Ilé wó. A tún gbàdúrà. Ó tún wó! Mo fi irin kún òpó, mo mú òpó nípọn sí i, pàbó ló já sí. Inú bí mi débi pé kọ̀ǹpútà ni mo ń bá jà.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni mo tó tẹjú mọ́ òrùlé. Táǹkì ńláńlá tò síbẹ̀, omi kún wọn bámúbámú. Ọ̀gá ló yà wọ́n. Ní Ìkẹjà, ta ló ń kọ́lé láìsí táǹkì? Kò sẹ́ni tó kà á sí nǹkan. Àṣé ìwúwo wọn ló ń fa ilé náà síwá sẹ́yìn.

Mo tẹ orúnkún díẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé omi ẹ̀rọ máa ń dá lọ́dọ̀ àwọn tó ni ilé-ìwé yìí ni?"

Ọ̀gá wò mí, wọ́n wo òrùlé, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Yéè! Tiwọn kì í dá! Ìyà Èkó la gbé lọ fi jẹ ọmọ ọlọ́mọ!"

A yọ táǹkì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní òun ló máa gbàdúrà lọ́tẹ̀ yìí. Ilé náà fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó gbọ̀n, ilẹ̀ dákẹ́. Ó dúró! Mo pariwo débi pé àwọn ará ìsàlẹ̀ sáré gòkè wá.

Ọ̀gá na bírò sí mi. "Ẹnjiníà, ó yá."

Wọn ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí.