Àtàǹpàkò Ìyá Ọkọ Mi

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ rí i. Ó ń fi aṣọ tí ó rì bọ omi gbígbóná jó mi lára ní ẹ̀yìnkùlé, bí ó ti máa ń ṣe láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ láti ìgbà tí mo ti bí ọmọ mi àkọ́kọ́. Ó jó ikùn, ó jó ẹ̀yìn, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀. Ó di ojúgun mi mú kí n má baà yọ̀ ṣubú. Nígbà tí ó gbé ọwọ́ kúrò, ojú ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ wà kò kún padà. Ihò kékeré kan ló kù síbẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn fi ìka tẹ amọ̀. Ó tẹ ibòmíràn, ihò mìíràn tún yọ. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan. Ìdákẹ́ yẹn bà mí lẹ́rù ju ihò náà lọ.

Kó tó di ọjọ́ náà, gbogbo ènìyàn ló ń yìn ín nítorí mi. Ẹni tó bá wá kí ọmọ á ní, "Ìyá oníkáún, ẹ kú ìtọ́jú ìyàwó. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀."

Á dáhùn pé, "Ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Tó bá fi máa pé ogójì ọjọ́, a ó wó ẹnu ọ̀nà kó tó lè jáde."

Wọn á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Mo rò pé mo ń sanra ni.

Ọmọ Ìjùmú ni mí. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé bàbá mi wá sí Lọ́kọ́ja, nígbà tí ìlú náà ṣì wà lábẹ́ Kwara. Ìlọrin ni ìdílé ọkọ mi ti wá, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń tajà ní Ọjà Àtijọ́, létí odò, kí àwọn òbí mi tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Káún ni ìyá ọkọ mi ń tà. Ọkọ̀ ló ń kó o wá fún un láti Òkè Ọya. Àwọn obìnrin Haúsá àti Tápà tí wọ́n jọ ń ná ọjà ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú abiyamọ: omi tó gbóná dé ibi tí ara lè gbà á dé, ẹ̀yin iná lábẹ́ ibùsùn, àti kúnú tí wọ́n po káún mọ́, kí omi ọmú lè ya. Èyí tó dára jù nínú àpò rẹ̀ ló ń bù fún mi. Ó fẹ́ràn mi. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka nǹkan mìíràn sínú ohun tí mo ń kọ yìí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ó rí ihò náà, mo dùbúlẹ̀ láti fún ọmọ lọ́mú. Èémí mi sé. Ó dà bí ẹni pé omi wà láyà mi, tí ó ń gùn bọ̀ sí ọ̀fun bí mo ṣe ń na ẹ̀yìn. Mo dìde jókòó, ó fà sẹ́yìn díẹ̀. Mo tún dùbúlẹ̀, ó tún dé. Àyà mi ń lù kìkì bí ti ẹni tí wọ́n ń lé. Mo fẹ́ pe ọkọ mi, ohùn kò jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló wọlé tó bá mi níbẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já káún sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ló fi gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Ìyá rẹ̀ gbé ọmọ, ó sì gbé fúláàsì kúnú dání.

Dókítà tẹ ẹsẹ̀ mi gẹ́gẹ́ bí ìyá ọkọ mi ti tẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ àyà mi pẹ́. Ó ní ọkàn mi ti fẹ̀, kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ lọ bó ti yẹ mọ́, omi sì ti ń dúró sí mi lára. Ó bi wá ní ohun tí mo ń jẹ.

Ìyá ọkọ mi gbé fúláàsì síwájú. "Dókítà, kò sí ohun tí a ò fún un. Ojúlówó káún ni. Ẹ tọ́ ọ wò."

Ó tọ́ ọ wò lóòótọ́. Ó rọra dé e padà. "Ìyá, ẹ ṣé. Kò gbọdọ̀ mu ún mọ́. Bí iyọ̀ ni káún rí, ó ń dá omi dúró sí i lára. Ooru yẹn náà, iṣẹ́ ló ń fi kún iṣẹ́ fún ọkàn tó ti rẹ̀."

"Ṣé èmi ni mo ṣe é?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Àìsàn yìí ń mú àwọn abiyamọ tí kò fẹnu kan káún rí. A ò mọ ohun tó ń fà á. Ẹ ṣá má fi kún un."

Ìyá ọkọ mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, fúláàsì lórí itan.

Nígbà tí ìyá mi dé láti ilé, ó kí gbogbo wọ́ọ̀dù pé "Ọ̀kún o", kò kí ìyá ọkọ mi. Ó wò mí, ó ní, "Wọ́n fẹ́ se ọmọ mi jinná."

Ìyá ọkọ mi ní, "Ìyá ìyàwó, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ yè ná. Tó bá yè tán, kí ẹ wá bú mi. N ó jókòó gbọ́ ọ."

Ìyá mi jókòó tì í. Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni àwọn méjèèjì wà títí wọ́n fi ní kí n máa lọ sílé. Oògùn ti fa omi náà jáde, ẹsẹ̀ mi ti di egungun padà. Ṣùgbọ́n dókítà pe èmi àti ọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ọkàn náà lè padà sí ìwọ̀n rẹ̀, ó sì lè má padà. Bí mo bá tún lóyún kó tó padà, ó lè pa mí.

Ìyẹn ni ẹ̀rù tí mo gbé dé ilé. Mi ò jẹ́ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ gbọọrọ mọ́. Ìrọ̀rí ni mo ń tò, tí mo ń fara tì. Bí ọmọ bá sáré, mi ò jẹ́ sáré tẹ̀ lé e. Láràárọ̀, bí mo bá kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ mi, kò ní dáhùn. Á ní, "Gbé ẹsẹ̀ wá." Á fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun mi, á wò ó títí, á wá ní, "Ọlọ́run ṣeun. Ṣé dáadáa lo jí?" Òun ló ń tọ́ ọbẹ̀ mi wò nítorí iyọ̀. Àwọn ará ọjà gbọ́, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá oníkáún, ẹ ń ta káún fún wa, ìyàwó yín ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án."

"Ẹni tó ń ta ọ̀bẹ kì í fi họ ojú."

Nígbà tí àwọn ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí sọ fún ọkọ mi pé kó fẹ́ ẹlòmíràn, pé ọmọ kan kò tó ọmọ, ìyá rẹ̀ ló dá wọn lóhùn. Ó ní ọmọ kan tó ní ìyá sàn ju mẹ́fà tí kò ní lọ. Ọkọ mi kàn bu omi mu.

Ọmọ náà ti wọ ilé-ìwé kí fọ́tò àyà mi tó fi hàn pé ọkàn náà ti súnkì sí ìwọ̀n rẹ̀. Dókítà ní bí a bá fẹ́, a lè gbìyànjú, ṣùgbọ́n abẹ́ ojú òun ni n ó wà. Ó pẹ́ kí a tó gbà. Ẹ̀rù ń bà mí nígbà tí mo lóyún, ẹ̀rù ń bà mí nígbà tí mo bí. Ìyá ọkọ mi ló wẹ̀ fún mi. Ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ wo omi, bí ó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó tó. Kúnú mi kò ní káún. Mo tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà yìí, àwọn tó wá kí wa ò sì dákẹ́.

"Ṣé ebi lẹ fi ń pa ìyàwó ni?"

"Ebi ni mo fi ń pa á. Ẹ gbé ọmọ, kí ẹ máa lọ."

Dókítà ti sọ pé kò sí ẹni tó lè fọkàn balẹ̀ títí ọmọ yóò fi kọjá oṣù márùn-ún. Nígbà tí ọmọ ti ń dá jókòó, mo gbé e pọ̀n, mo lọ bá dókítà. Ó gbọ́ àyà mi níwájú, ó gbọ́ ọ lẹ́yìn. Ó ká nǹkan tó fi ń gbọ́ àyà kò, ó ní, "Ó ti tán. Ẹ ò ní láti wá mọ́, àfi tí ẹ bá fẹ́ kí mi."

Mi ò lọ sílé. Ọjà ni mo gbà lọ. Ìyá ọkọ mi ń fọ́ káún lójú ìsọ̀, oníbàárà kan sì dúró dè é. Mo sọ ohun tí dókítà wí. Ó gbé káún sílẹ̀. Ó ní, "Gbé ẹsẹ̀ wá."

Mo gbé e lé orí àpótí. Ó tẹ̀ ẹ́ gidigidi. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, àmì àtàǹpàkò rẹ̀ wà níbẹ̀, funfun. Ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, kò sì sí ihò kankan lábẹ́ rẹ̀.

"Káún lásán ni," ó ní.

Oníbàárà náà ní, "Ìyá, ṣé ẹsẹ̀ ìyàwó náà ti di ọjà ni?"

"Èyí kì í ṣe títà," ó ní, ó sì padà sídìí òṣùwọ̀n rẹ̀.