Máàkì Méjì Nínú Mẹ́wàá

Òórùn yíǹkì tútù ló máa ń gbà mí nímú tí mo bá rántí iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀rẹ́ mi, ìgbà náà dùn! Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró ni, gbogbo wa ń yan bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ wa sọ fún wa pé ìwà ẹ̀dá ṣeé wọ̀n, mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ó ní kì í ṣe pé lágbájá ní ọ̀yàyà, tàmẹ̀dù kò ní. Gbogbo wa la ní in, ìwọ̀n rẹ̀ ló yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àánú, bẹ́ẹ̀ ni àníyàn, bẹ́ẹ̀ ni ìfarabalẹ̀ṣiṣẹ́. Ó pín ìwé ìbéèrè fún wa, kí a máa fún ìwà kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti oókan dé ẹ̀wá.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, mo wọkọ̀ lọ sílé ní Ògòtún. Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tíṣà ni, ń bọ̀ wá kí Bàbá. Bàbá mi, àgbẹ̀ kòkó tí kì í yára fọkàn tán ènìyàn, ní òun kò ì tíì gbà, òun ṣì ń wo ìwà rẹ̀. Há! Ìwà kẹ̀? Mo yọ ìwé mi.

Ọkùnrin náà dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó rọra fìdí lé etí àga. Ohun yòówù kí a bi í, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” A gbé iyán síwájú rẹ̀, ó jẹ òkèlè mẹ́ta, ó ní òun ti yó. Èmi wà ní kọ̀rọ̀, mo ń kọ máàkì. Bó ti lọ tán, mo ka èsì fún Bàbá bí adájọ́: ọ̀yàyà, méjì nínú mẹ́wàá!

“Méjì?” Bàbá mirí. “Ọkàn mi ti sọ fún mi. Ulé tí kò sí ẹ̀rín, ulé kọ́. Ọ̀la ló ní òun ń kó ọ̀rẹ́ bọ̀ wá bá mi ṣe ọ̀wẹ̀ àna lóko. Tí mo bá débẹ̀, màá ní kó máa lọ.”

Ẹ̀gbọ́n mi fà mí lápá lọ sẹ́yìnkùlé. “Ṣé ìwé rádaràda yìí lo fẹ́ fi tú èmi àti ọkọ mi ká? Mi ò ní dárí jì ọ́!”

Láàárọ̀, a ru oúnjẹ tẹ̀lé Bàbá. Kí a tó yọ sí oko iṣu la ti ń gbọ́ ẹ̀rín. Bàbá na ọwọ́ dá wa dúró lẹ́yìn igi kòkó kan. Ọkùnrin mẹ́jọ ló ń kọ ebè, ọ̀kan ṣíwájú, ó bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀, ó ń dárin, ó ń bú àwọn yòókù.

“Wo ebè rẹ bí ìdí adìẹ! Ṣé iṣu lo fẹ́ gbìn síbẹ̀ ni àbí ẹ̀pà?”

“Tíṣà, jẹ́ ká sinmi o!”

“Ẹni tó bá sinmi, yóò kúnlẹ̀, yóò nawọ́ sókè!”

Ẹ̀rín sọ. Ẹni tí mo fún ní máàkì méjì ni!

Bàbá yíjú sí mi. “Odi tí o fún ní méjì nìyẹn?” Ó tún wo oko, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. “Èmi náà, lọ́jọ́ tí mo lọ kí bàbá ìyá yín, òkèlè méjì péré ni mo jẹ. Ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí délé.” Ni òun fúnra rẹ̀ bá bú sẹ́rìn-ín.

Tíṣà gbọ́ ọ, ó ju ọkọ́ nù, ó dọ̀bálẹ̀ sórí ebè. “Ẹ káàárọ̀, sà.” Ó tún ti yadi!

“Dìde jàre, ọkọ ọmọ mi,” ni Bàbá wí. “Parí orin rẹ.”

Àwo ẹ̀fọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi bó ti ń jó.

Olùkọ́ wa kò purọ́. Ó ti sọ ọ́, nígbà tí inú mi ń dùn jù láti gbọ́, pé ìwà ni ohun tó ń bá ènìyàn lọ láti ibì kan dé ibòmíràn. Ìtìjú àna ni mo wọ̀n, mo pè é ní ìwà. Lónìí tí mo ti di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, tí tíṣà bá kọ “ọ̀lẹ” sínú ìwé èsì ọmọ, màá bi í pé, “Níbo lo ti rí i? Ibòmíràn ńkọ́?” Mi ò sì ní fọwọ́ sí i títí yóò fi dárúkọ ibi kẹta.