Ilé Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Gbé Kọjá Omi

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti lo ọdún mẹ́tàdínlógún ní Amẹ́ríkà kó tó sọ fún mi pé òun ò tíì rí Amẹ́ríkà. Ilé mi ní ìlú Bowie la wà lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ní àárín àwọn ọdún 1990. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ń jẹ ìrẹsì. Nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n mi. Langley Park ló ń gbé, nínú fúláàtì oníyàrá méjì, ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́ ò sì jìnnà síbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti bí ọdún mẹ́ta, àwọn ọmọ ti lọ sí yunifásítì.

Ó ní, "Ilé, ọsibítù, ṣọ́ọ̀ṣì, àti ilé tìẹ yìí. Ibi mẹ́rin tí mo mọ̀ nìyẹn. Àwọn aláìsàn mi máa ń sọ fún mi nípa òkè tí yìnyín kì í kúrò lórí ẹ̀, àti aṣálẹ̀ tí iyanrìn ẹ̀ pupa bí epo. Mo fẹ́ lọ fojú ara mi rí i."

Mo ní, "Ẹ ò ṣe wọ ọkọ̀ òfúrufú?"

"Ọkọ̀ òfúrufú á kàn gbé mi kọjá lórí ẹ̀ ni. Mo fẹ́ máa gba ilẹ̀ lọ, kí n sùn níbi tó bá wù mí, kí n dáná fúnra mi."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó wa píkọ́ọ̀pù tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà mi, ó ní kí n wọ bàtà. Ó ti rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó ní ọsibítù, pé bàbá kan ní Brandywine fẹ́ ta kámpà, ìyẹn irú ilé kékeré tí wọ́n máa ń gbé sí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, tí èèyàn á máa gbé kiri.

Lásìkò yẹn, oko àti abà tábà ṣì pọ̀ ní Brandywine, àwọn tírélà tó ń kó yẹ̀pẹ̀ àti òkúta ló sì kún ojú ọ̀nà. Ará Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni bàbá náà. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń tiro díẹ̀. Ogójì ọdún ló fi wa tírélà kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ní dókítà ti sọ pé ojú òun ò dára tó mọ́ fún ìrìn jíjìn, ìdí nìyẹn tí òun fi fẹ́ ta ilé náà.

Ẹ̀yìnkùlé ló wà. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ irin mẹ́rin, abẹ́ rẹ̀ ṣófo, tó fi jẹ́ pé èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ kó sì rí igbó tó wà lódìkejì. A gun àtẹ̀gùn kékeré wọ inú rẹ̀. Sítóòfù gáàsì wà níbẹ̀, ibi ìfọwọ́ wà níbẹ̀, tábìlì, kọ́bọ́ọ̀dù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ìkọ́ kó má baà ṣí lójú ọ̀nà, àti bẹ́ẹ̀dì tó yọ síwájú, tí yóò wà lókè orí awakọ̀ bí wọ́n bá gbé ilé náà sọ́kọ̀. Mo dúró sí àárín rẹ̀, mo ń wò yí ká. Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri rẹ̀ bí ìgbà tó bá ń yẹ ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná wò.

Nígbà tí a jáde, ó sọ fún bàbá pé kó bá wa gbé e sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù òun. Bàbá lọ sídìí píkọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n mi. Ó ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ó tẹ̀ba, ó ka ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ etí ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ síwájú táyà, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ó dìde, ó nu ọwọ́.

"Màdáàmù, ọkọ̀ yín ò lè gbé e."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àyè ẹ̀yìn rẹ̀ gbà á. Mo ti fi téèpù wọ̀n ọ́n."

"Àyè gbà á lóòótọ́. Ìwọ̀n rẹ̀ ni ọkọ̀ ò lè gbé."

Mo yí sí ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ ọ́ ní Yorùbá, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Bàbá yìí ti gbọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, kò fẹ́ tà á fún irú wa." Ẹ̀gbọ́n mi ò wojú mi. Ó bi bàbá léèrè pé báwo ló ṣe mọ̀ láìtíì gbé e wò.

Bàbá ní, "Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ó mú irin kan tó wọ́rọkọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọn ẹsẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, kò jẹ́ kí igun kan ga ju èkejì lọ. Odidi ilé ń gòkè lójú wa, pẹ̀lú abọ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù àti kọ́tìnnì lójú fèrèsé. Ó wọ inú píkọ́ọ̀pù tirẹ̀, ńlá kan tó ní táyà mẹ́rin lẹ́yìn, ó fi ẹ̀yìn wọ abẹ́ ilé náà. Àtẹ́lẹwọ́ mi kan ni àyè tó kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó sọ ilé náà kalẹ̀ wẹ́rẹ́, a sì gbọ́ tí ọkọ̀ náà mí kanlẹ̀. Ó wá fi ṣéènì de igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ara ọkọ̀, ó yí irin tó wà láàárín ṣéènì kọ̀ọ̀kan títí ó fi le.

A tẹ̀ lé e dé ibi kan tí wọ́n ti ń wa òkúta, níbi tí wọ́n ti máa ń wọn àwọn tírélà. Wọ́n mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ó gun orí òṣùwọ̀n, wọ́n fún un ní ìwé tí wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí. Ó mú ìwé àtijọ́ kan jáde, èyí tí wọ́n fún un nígbà tó wọn ọkọ̀ náà lófìfo, ó kó méjèèjì lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, ó ní kó yọ iye ti ọ̀kan kúrò nínú ti èkejì. Ẹ̀gbọ́n mi ṣe é. Ó lọ wo ìwé tó wà létí ilẹ̀kùn píkọ́ọ̀pù rẹ̀, tó sọ ìwọ̀n ẹrù tí ọkọ̀ náà lè gbé, ó padà wá, ó tún ìṣirò náà ṣe. Ilé náà nìkan wúwo ju ìlọ́po méjì ohun tí ọkọ̀ rẹ̀ lè gbé.

Bàbá ní, "A ò tíì bu omi sí i. A ò tíì gbé gáàsì sí i, tàbí oúnjẹ, tàbí ẹ̀yin méjèèjì. Ọkọ̀ yín á gbéra, á sì rìn. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ dúró lójijì ni bíréèkì ò ní mú. Tàbí kí táyà bẹ́. Mo ti rí i lójú ọ̀nà, mi ò sì fẹ́ rí i mọ́."

Ojú tì mí. Nínú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ò tètè ṣíná ọkọ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí sítíárì.

Ó ní, "Ọkọ̀ ọkọ mi nìyí. Mo rò pé èmi àti ẹ̀ la jọ máa lọ ni."

Mo ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mi ò bínú. Òun náà ò ní fẹ́ kí n fi ọkọ̀ ẹ̀ pa ara mi."

Ó fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní píkọ́ọ̀pù náà. Oṣù márùn-ún kọjá kó tó rí ọkọ̀ ńlá tó tó ilé náà gbé, òun náà ní táyà mẹ́rin lẹ́yìn. Ní gbogbo oṣù márùn-ún yẹn, bàbá Brandywine ò ta kámpà náà fún ẹlòmíràn. Èèyàn méjì ló wá béèrè rẹ̀. Ó sọ fún wọn pé ó ti ní ẹni tó ni ín.

Lẹ́yìn náà ó kọ́ ẹ̀gbọ́n mi níṣẹ́. Bí mo bá ráyè lọ́jọ́ Sátidé, èmi náà á bá wọn lọ. Ó fi ilà pupa kan hàn wá lára ilé náà, ó ní ibẹ̀ ni gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ dúró sí, pé ilà yẹn gbọ́dọ̀ wà níwájú àárín táyà ẹ̀yìn nígbà gbogbo. Bó bá lọ sẹ́yìn, iwájú ọkọ̀ á fúyẹ́, sítíárì ò ní gbọ́ràn mọ́. Ó ní kí ẹrù wúwo wà nísàlẹ̀, kó wà níwájú. Ó tẹ́ rọ́bà sí ẹ̀yìn ọkọ̀ kí ilé má baà yọ̀. Ó ní kí wọ́n ti gáàsì pa kí wọ́n tó gbéra. Ó wọn gíga ọkọ̀ àti ilé pọ̀, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ sí ìwé, kó lẹ̀ ẹ́ síbi tí ojú rẹ̀ á ti máa rí i, nítorí afárá tí abẹ́ rẹ̀ rẹlẹ̀ kì í dá ẹnikẹ́ni sí. Ẹ̀gbọ́n mi kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan náà tó fi ń kọ nǹkan nípa àwọn aláìsàn rẹ̀. Ohun tí bàbá tẹnu mọ́ jù ni pé, bí wọ́n bá ti rìn díẹ̀, kí wọ́n dúró, kí wọ́n fọwọ́ kan ṣéènì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ̀yìnkùlé mi la gbé ilé náà sí, torí pé kò sí àyè ní Langley Park. Ní oṣù kẹwàá, ẹ̀gbọ́n mi wá gbé e sọ́kọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní kí n dúró sẹ́yìn, kí n má sọ̀rọ̀ àyàfi tí nǹkan bá fẹ́ kan nǹkan. Àwọn aládùúgbò jáde. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó we gèlè kékeré, ń yí irin, ń sáré láti igun kan dé èkejì, ilé ń gòkè. Lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀yìn wọ abẹ́ rẹ̀. Ó dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wò ó, ó padà síwájú, ó tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló wọlé bó ṣe yẹ. Nǹkan kan ò kan nǹkan.

Òun àti èmi la jọ lọ. Etí òkun là ń lọ, ọ̀nà tó sì lọ tààrà sí ìlà oòrùn la gbà. A ò tíì rìn tó ogún ìṣẹ́jú nígbà tó yà síbi ìsinmi kan.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé ni."

"Sọ̀ kalẹ̀, kí o fọwọ́ kan ṣéènì."

Mo fọwọ́ kan ti iwájú lọ́tùn-ún, ó le. Ti ẹ̀yìn méjèèjì le. Ti iwájú lósì mì lọ́wọ́ mi bí ẹ̀gbà ọrùn. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó yí irin náà, ó yí i, ó fi gbogbo ara fà á wò, ó sì tún lọ fọwọ́ kan àwọn mẹ́ta yòókù tí mo ti fọwọ́ kàn. Kò bá mi wí. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, a wọkọ̀, a ń lọ.

Afárá tó kọjá lórí omi Chesapeake ló kàn. Mo ti gbà á kọjá rí nínú ọkọ̀ kékeré, mi ò kà á sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ yẹn, bí a ṣe ń gùn ún, tí ilẹ̀ ń jìnnà sí wa nísàlẹ̀, tí àwọn ọkọ̀ ojú omi dà bíi kóró ẹ̀wà, ni mo mọ̀ pé ilé la gbé pọ̀n. Nígbà tí a dé ibi tó ga jù, atẹ́gùn láti ẹ̀gbẹ́ gbá wa. Ilé náà fì lókè orí wa, irin dún, ó sì padà sáyè rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò tẹ bíréèkì. Ó rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúró ṣinṣin. Atẹ́gùn tún gbá wa. Mo ń ronú nípa ṣéènì òsì yẹn, bó ṣe mì lọ́wọ́ mi.

Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Omi ń dán yanran lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kò sí etí kan tí a lè rí, oòrùn ń jó lórí rẹ̀. Ó ń wo ọ̀nà nìkan, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó ní, "Ìwọ bá mi wo omi yẹn dáadáa. Mi ò lè wò ó."

Mo wò ó fún un. Mo ń sọ ohun tí mo rí títí tí a fi sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì.

Lẹ́yìn ọdún yẹn, ó gbé ilé náà dé ìwọ̀ oòrùn lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó rí òkè, ó rí aṣálẹ̀. Èmi ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́ ní tèmi, ó ń pè mí lórí fóònù láti ìlú tí mi ò gbọ́ orúkọ wọn rí. Ó máa ń pe bàbá Brandywine náà, kó lè ròyìn ọ̀nà fún un.

Èyí tí mo rí fúnra mi ni òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìrìn àjò wa àkọ́kọ́, ní erékùṣù tí àwọn ẹṣin tí ẹnikẹ́ni ò ni ń rìn kiri létí òkun. Nǹkan kan ló ń rọra ti ilé náà. Mo rò pé atẹ́gùn ni. Ẹ̀gbọ́n mi ti jí, ó dúró níwájú fèrèsé, ó fi ọwọ́ pè mí. Ẹṣin mẹ́fà wà níta, irun wọn tutù fún ìrì. Ọ̀kan nínú wọn ń fi ọrùn ha ara rẹ̀ mọ́ igun ilé wa, ojú rẹ̀ pa dé, èémí rẹ̀ ń rú bí èéfín. Ohun tó yà wá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ò ju ògiri pẹlẹbẹ kan lọ. Tíì ti tutù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. A ò mira títí wọ́n fi yí padà, tí wọ́n gba etí omi lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.