Òfin Tí Rùkáyátù Kò Kọ Sínú Fáìlì

Ní gbogbo Àkúrẹ́, láti Arakale títí dé Ọ̀bà-Ilé, Rùkáyátù kò mọ ẹlòmíràn tó ń fi Clojure jẹun, oúnjẹ ibẹ̀ kò sì yó òun náà. Clojure jẹ́ èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Ọmọ ìdílé Lisp ni, inú àkámọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń wà: àkámọ́ nínú àkámọ́, òmíràn tún wà nínú ìyẹn. Bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n bá tẹjú mọ́ ọn, ojú á máa ṣe é bàìbàì. Rùkáyátù ní tirẹ̀ a máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bó bá ń kà á, bí ẹni pé ó rí lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́. Ìyá rẹ̀, Àjọkẹ́, tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ní bíi ogójì ọdún sẹ́yìn, tó sì ń ta abọ́ oníke ní Arakale, bi í lójú gbogbo ìsọ̀ lọ́jọ́ kan pé, "Rùká, irú èdè wo lèyí tó jẹ́ pé ìwọ nìkan lò ń sọ ọ́? Bí o bá fi bú èèyàn, ta ni yóò gbọ́?" Àwọn obìnrin ìsọ̀ kú fún ẹ̀rín. Rùkáyátù bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra.

Ẹ má rò pé ọ̀lẹ ni o. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi jókòó sínú yàrá rẹ̀ ní Ọ̀bà-Ilé tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun. Àwọn ló kọ́ ọ ní Clojure. Ohun tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn jù nínú rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní REPL, ìyẹn ojú kékeré kan lórí kọ̀ǹpútà tí èèyàn ti lè máa bá ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ sọ̀rọ̀. O béèrè nǹkan, ó dá ọ lóhùn. O pààrọ̀ apá kan lára rẹ̀, ó gbà á lójú ẹsẹ̀, iṣẹ́ kò sì dúró. Bí ìgbà téèyàn ń tún iyọ̀ ọbẹ̀ ṣe láì sọ ìkòkò kalẹ̀ ni. Àwọn tó ń lo èdè mìíràn á kọ́kọ́ pa ètò tiwọn, wọn á tún un ṣe, wọn á wá tún un tàn. Rùkáyátù ka ìyẹn sí ìyà lásán.

Ìgbà tó yá, wọ́n ta ilé-iṣẹ́ òkè òkun yẹn. Lẹ́tà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí kò ju ìlà mẹ́ta lọ ni wọ́n fi dá gbogbo àwọn tó wà ní Nàìjíríà dúró. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó lọ kọ́ èdè tí gbogbo ayé ń lò. Kò gbà. Ó kọ̀wé wá iṣẹ́ títí, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ló bá gba iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọ̀bà-Ilé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń tẹ lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì ni nígbà náà.

Ibì kan ṣoṣo ló kù tí ohun tó mọ̀ ti ń wúlò. Ilé ìwòsàn aládàáni kan wà ní ìlú Oǹdó tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ márùn-ún ni wọ́n ní, àwọn aláìsàn wọn sì lé ní ogójì. Ètò tí Rùkáyátù fi Clojure kọ ló ń sọ ẹni tí yóò jókòó ti ẹ̀rọ wo, lọ́jọ́ wo, ní aago mélòó. Ọdún mẹ́ta ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sì kú rí, torí ilé ìwòsàn náà ní iná oòrùn àti bátìrì tó gbámúṣé. Bí wọ́n bá fẹ́ àtúnṣe, Rùkáyátù á jókòó sí Àkúrẹ́, á ṣí Emacs tó fi ń kọ iṣẹ́, á gba ibẹ̀ wọ inú ètò náà ní Oǹdó, á sì bá a sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ràn láti máa sọ fún èèyàn pé, "Ọdún mẹ́ta, kò ṣẹ́jú." Bí ibẹ̀ yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó parí nìyẹn: kò ní sẹ́ni tó nílò ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé mọ́.

Ẹ wá fetí sílẹ̀ dáadáa síbi tó ti ṣẹlẹ̀. Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, àyẹ̀wò fi hàn pé Bàbá Adélaní, àgbẹ̀ kan tó máa ń ti Ipogun wá, ní àrùn mẹ́dọ̀wú nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ní in kò gbọdọ̀ bá àwọn tó kù lo ẹ̀rọ kan náà, kó má baà kó o ràn wọ́n. Nọ́ọ̀sì Mary, tó jẹ́ olórí níbi ẹ̀rọ, pe Rùkáyátù lórí fóònù pé ẹ̀rọ karùn-ún ti di ti Bàbá nìkan. Rùkáyátù ṣí REPL, ó tẹ òfin náà sínú ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó dán an wò. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Ó ti gbé e síbẹ̀, Àǹtí," ni Mary wí. "Ẹ kú iṣẹ́."

Ohun tó kù kò tó nǹkan rárá: kó kọ òfin náà sínú fáìlì. Fáìlì ni ètò máa ń lọ kà bí wọ́n bá pa á tí wọ́n tún un tàn. Ohun téèyàn bá sọ fún un nínú REPL lásán, bí ètò náà bá ti kú báyìí, ó ti gbàgbé. Gbogbo ẹni tó ń lo Clojure ló mọ̀. Rùkáyátù fúnra rẹ̀ ti fi ìkìlọ̀ yẹn di àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ létí rí nígbà tó wà pẹ̀lú àwọn ará òkè òkun. Ó ní tó bá di ọ̀la òun á kọ ọ́. Ọ̀la di ọ̀tunla, ọ̀tunla di ọ̀sẹ̀. Àti pé, ètò tí kì í kú, kí ló fẹ́ fi fáìlì ṣe? Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn, ó sì yẹ kí ojú tì í.

Ní ọdún yìí, ilé ìwòsàn gba ọ̀gá tuntun, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jíbọ́lá. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn wo ètò náà, ó wo Rùkáyátù, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú sí mi o. Tí nǹkan bá ṣe yín, ta ni yóò ka èyí fún wa?" Ó ti rí àwọn kan ní Ìbàdàn tó ń ta ètò mìíràn. Ọ̀gá àgbà tó ni ilé ìwòsàn ní kí wọ́n fi ìparí oṣù ṣe ọjọ́ ìpinnu. Láti ọjọ́ náà ni Rùkáyátù kò ti sùn dáadáa mọ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí oṣù parí, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí Mary pè é lórí fóònù níwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀.

"Àǹtí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìsinmi ni. Ètò yín fi Bàbá Adélaní sí ẹ̀rọ kejì. Mo ti dá a dúró kó tó jókòó. Kí ló dé?"

"Mo ń bọ̀," ni Rùkáyátù wí. Ó ní kí àwọn ọmọ máa kàwé wọn, ó gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ó sì wọ ọkọ̀ Oǹdó. Ní gbogbo ọ̀nà, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ nǹkan mìíràn. Ó mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan mìíràn.

Jíbọ́lá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Àǹtí. Àwọn tó bá wa kó ọ́fíìsì ló yọ wáyà kọ̀ǹpútà, tó fi kú, kí wọ́n tó tún un tàn. Mo ti sọ fún ọ̀gá àgbà pé ọ̀rọ̀ iná ni. Ó ní tó bá jẹ́ tiná, kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ká sọ tòótọ́, owó tí àwọn ará Ìbàdàn pè ti dẹ́rù bà á. Ó ní orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́."

Ẹ ò rí nǹkan! Ohun tó ti ń fi gbogbo ọkàn wá ni wọ́n gbé wá bá a yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kó fi gbà á. "Ẹ ṣeun, Ọ̀gá Jíbọ́lá," ló sọ, ó sì lọ jókòó ti kọ̀ǹpútà.

Ó kọ́kọ́ wá inú àkọsílẹ̀ ohun tó ti tẹ̀ sẹ́yìn ní Emacs, bóyá òfin náà ṣì wà níbẹ̀. Kò sí i. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni Emacs ń tọ́jú, oṣù mẹ́jọ sì ti jìnnà jù. Ó tún òfin náà kọ, lọ́tẹ̀ yìí sínú fáìlì. Lẹ́yìn náà ló bi ètò léèrè ọjọ́ tó jí. Ó rò pé yóò sọ pé àná ni.

Ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn.

"Ọjọ́ wo lẹ kó ọ́fíìsì?" ló bi Jíbọ́lá.

"Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ yìí. Ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

Mary kò sì sí níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Nọ́ọ̀sì tó dúró fún un kò mọ ìtàn Bàbá Adélaní, ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ ló ń tẹ̀ lé. Rùkáyátù kọ ìbéèrè kan sínú REPL, ìlà kan péré: ta ni ó lo ẹ̀rọ tí Bàbá lò, lẹ́yìn tí Bàbá dìde? Ibi tí Clojure ti dára jù nìyẹn. Ní èdè mìíràn, iṣẹ́ wákàtí kan ni. Kó tó gbé ọwọ́ kúrò, ìdáhùn ti jáde, ó mọ́ tónítóní: orúkọ mẹ́rin.

Wọ́n máa ń fi oògùn fọ ẹ̀rọ kí ẹlòmíràn tó jókòó tì í. Ó ṣeé ṣe kó má sí nǹkan. Ó tún ṣeé ṣe kó wà.

Ó jókòó, ó ń wo orúkọ náà. Bó bá pa ojú ìwé yẹn dé, ó ti lọ nìyẹn. Kò sẹ́lòmíràn ní gbogbo ilé náà tó lè béèrè ohun tó béèrè. Wọ́n máa ń ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Èyí kò ní ẹni tí yóò lé e rárá. Jíbọ́lá sì dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Ṣé iná náà ni, àbí? Kí n lè pe ọ̀gá."

Rùkáyátù fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn. Kò sí ohun tó fẹ́ràn tó o. Ó mọ̀ pé bí òun bá lanu báyìí, òun kò ní rí irú rẹ̀ ṣe mọ́ títí òun yóò fi kú.

"Kì í ṣe iná," ló wí. "Èmi ni. Ó yẹ kí n ti kọ òfin yẹn sínú fáìlì láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, mi ò kọ ọ́. Iná ìbáà máa lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá lóòjọ́, kò ní ṣe nǹkan kan ká ní mo kọ ọ́. Èèyàn mẹ́rin ló ti lo ẹ̀rọ lẹ́yìn Bàbá. Orúkọ wọn rèé."

Jíbọ́lá ka orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó fa àga, ó jókòó. "Ẹ̀ẹ̀pà, Àǹtí," ló sọ ní ohùn kékeré. "Ẹ̀pa ò bóró mọ́ nìyẹn."

Ó jáde lọ pe ọ̀gá àgbà, kò pẹ́ tó fi padà. Wọ́n ní kí Rùkáyátù pa ètò náà. Wọ́n á máa fi ìwé ṣe é títí àwọn ará Ìbàdàn yóò fi dé. Rùkáyátù kò jiyàn. Ó tẹ àṣẹ tó ń pa á, ojú REPL sì dákẹ́. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀. Wọn kò sọ ohun tí ẹni tó gbé e lọ ọjà yóò jẹ lálẹ́.

Mary ti da orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ sórí ìwé. "Ẹ máa lọ sílé, Àǹtí," ló wí. "Èmi á sọ fún wọn."

"Rárá, Sístà. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Ẹni àkọ́kọ́ wà lórí ẹ̀rọ lọ́wọ́, obìnrin kan tó ń jẹ́ Lọ́lá, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Oǹdó níbẹ̀, ẹni bí ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Abẹ́rẹ́ wà lápá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gba inú rọ́bà lọ, ó ń gba rọ́bà mìíràn bọ̀. Rùkáyátù kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ tí kò yé èèyàn bò ó.

"Ìgbà wo la máa mọ̀?" ni Lọ́lá bi Mary.

"Ó lè tó oṣù mẹ́fà, mà. A ó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò lóṣooṣù."

Lọ́lá yíjú sí Rùkáyátù. "Ẹ̀yin lẹ kọ nǹkan náà?"

"Èmi ni, mà."

"Ẹ sì mọ̀ pé ó lè gbàgbé?"

"Mo mọ̀, mà."

Lọ́lá kọjú sí ògiri. Kò lè dìde lọ, wákàtí méjì ló ṣì kù fún un lórí ẹ̀rọ. Rùkáyátù wà lórí ìkúnlẹ̀ títí Mary fi fà á lápá. Ó ku èèyàn mẹ́ta, ẹni tó kàn sì ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń bọ́ bàtà, ó ń kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú wa.