Níwọ̀n Ìgbà Tí Orín Wà Lẹ́nu Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Inísà, kò sí ohun tó ṣọ̀wọ́n nínú agbo ilé wa tó ìdákẹ́jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ìró ìgbálẹ̀ ti gba àgbàlá kan, ewúrẹ́ ń ké, àwọn ìyàwó ilé sì ti ń fi ọ̀rọ̀ gún ara wọn lórí ẹni tó kó igi ìdáná ẹni. Síbẹ̀, ẹnì kan wà tó ń rí ìdákẹ́jẹ́ tirẹ̀ gbà lójoojúmọ́. Ìyá tó bí bàbá mi ni, àwọn ni wọ́n tọ́ mi. Ìyá àgbà ni gbogbo wa ń pè wọ́n.

Ohun tí wọ́n ń ṣe ò ju pé wọ́n á gbé àpótí ìjókòó wọn sídìí igi ọsàn lẹ́yìnkùlé, wọ́n á ti orín ata bọ ẹnu, wọ́n á sì máa run ún. Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ẹni tí kò tíì fọ ẹnu kì í kí èèyàn, a kì í sì í bá a rojọ́. Orín ọ̀hún wá di ilẹ̀kùn tí ìyá àgbà ń tì mọ́ ara wọn. Ẹni tó fẹ́ yá ọkọ́, ẹni tó lálàá, ẹni tó ń bá ọkọ rẹ̀ jà, gbogbo wọn ní láti dúró. Gbogbo agbo ilé ló mọ̀ pé eyín tó kù lẹ́nu wọn ò pọ̀ tó ohun tí èèyàn á máa fọ̀ títí oòrùn á fi yọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbà? Ọmọ tó bá lọ da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n bá ti yọ orín lẹ́nu tán, wọ́n á pè é, wọ́n á fi ìkó kan lórí kí i káàárọ̀.

Èmi nìkan ni wọ́n ń gbà láyè láti jókòó tì wọ́n, torí mo mọ ẹnu pa mọ́. Wọ́n á ṣẹ́ díẹ̀ fún mi lára orín náà, á máa ta mí láhọ́n, òórùn ẹ̀kọ gbígbóná á sì máa fẹ́ wá láti ilé ìdáná. Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ni wọ́n máa ń rò níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò ro nǹkan kan, àwọn kàn ń jókòó ti ara àwọn ni, torí ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n.

Nígbà tó yá, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, bàbá mi tó jẹ́ tíṣà ní Ìkìrun sì kó àwa méjèèjì lọ sọ́dọ̀. Ìyá mi fi ọ̀yàyà gbà wọ́n, wọ́n ra búrọ́ọ̀ṣì tuntun àti ọṣẹ ìfọyín olóòórùn dídùn fún wọn. A ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, búrọ́ọ̀ṣì ti parí iṣẹ́. Bí ìyá àgbà bá ti nu ẹnu báyìí, rédíò bàbá mi á ti máa sọ̀rọ̀, àwọn àbúrò mi á ti máa fà wọ́n láṣọ, àwọn ìyá ìjọ á sì ti dé láti bá wọn gbàdúrà. Inú rere ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ kò fún wọn láyè kí wọ́n mí.

Kò pẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kanra. Wọn ò jẹun dáadáa mọ́, wọn ò sì pa àlọ́ fún wa mọ́. Bàbá mi gbé wọn lọ sí ọsibítù, dókítà ò rí àìsàn kankan lára wọn. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí mo gbọ́ tí ìyá mi ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé bóyá ìyá ti fẹ́ lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó jẹ́ èmi nìkan ló wà lọ́dọ̀ wọn, mo bi wọ́n níbi tó ń dùn wọ́n.

"Kò síbi tó ń dùn mí, Àbẹ̀kẹ́," ni wọ́n wí. "Mi ò ráyè jókòó ti ara mi mọ́ ni."

Nígbà tí ìyá mi mú mi lọ ra iṣu lọ́jà Òkúkù, mo rí obìnrin kan tó pàtẹ orín. Mo bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi ra ìdì kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá àgbà gbé àpótí lọ sẹ́yìn ilé. Bàbá mi jáde lọ bá wọn, wọ́n ní àwọn ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ. Ìyá àgbà kàn nàka sí ẹnu. Bàbá mi wo orín náà, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ọmọ Inísà ni wọ́n kúkú ń ṣe. Wọ́n yí padà, wọ́n lọ pa rédíò. Lálẹ́ ọjọ́ náà a tún gbọ́ àlọ́, ara mi sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Èmi náà ti di ìyá ọlọ́mọ ní Ìkìrun báyìí. Ìgbà tiwa yìí rọrùn ju tàtijọ́ lọ, kò sẹ́ni tó ń jà lórí igi ìdáná. Ṣùgbọ́n fóònù ò mọ̀ pé èèyàn ò tíì fọ ẹnu. Kí n tó lajú tán, àwọn ẹgbẹ́ mi ti da àdúrà sórí Wasáàpù, ọ̀gá mi ti pè lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí mo rí i pé mo ti ń kanra mọ́ àwọn ọmọ mi ni mo rántí ìyá àgbà, mo bá ra orín. Fóònù ń dún ní yàrá, èmi wà lẹ́yìnkùlé. Àbúrò bàbá mi obìnrin pè láti Inísà láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin mi ló gbé e.

"Ẹ má bínú mà, orín ṣì wà lẹ́nu wọn."

Wọ́n ní kò burú, àwọn á dúró. Ọkàn mi fúyẹ́ nígbà tí mo gbọ́.

Ọmọbìnrin mi ọ̀hún ń múra ìdánwò àṣejáde lọ́wọ́, gbogbo ilé ló sì ń fún un nímọ̀ràn. Láàárọ̀ àná, ó ti fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹnu tán kó tó jáde wá bá mi. Ó fa orín kan yọ nínú ìdì, ó fi bọ ẹnu, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò bi í ní nǹkan kan. Orín wà lẹ́nu mi.