Káàdì Tí Búọ̀dá Músílíù Rà Wá Láti Ìkejà

Nígbà tí mo bá rántí ọjọ́ náà, imú mi ló kọ́kọ́ ń rántí: òórùn òróró ólífì àti ti ike tuntun, àwọn méjèèjì pa pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ní Ifo, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Abẹ́òkúta ń ta ẹrẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà wa, mò ń gbá a, ó tún ń padà wá.

Iṣẹ́ títẹ ìwé ni ìyá mi ń ṣe: ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, àti ní pàtàkì jù lọ, ìbéèrè ìdánwò fún àwọn iléèwé aládàáni tó wà láti ọjà títí dé ọ̀nà réluwéè. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo la ní. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fa ilà, títí a kò fi lè ka ohun tó wà níbẹ̀ mọ́. Búọ̀dá Músílíù, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún gbogbo àdúgbò, yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní apá tó ń gbé àwòrán jáde ti kú, káàdì tuntun la máa fi rọ́pò rẹ̀. Ó lọ sí Ìkejà, ó rà á wá. Àárọ̀ Sátidé yẹn ló gbé e dé nínú páálí, ó ní òun fẹ́ yà ní iléèwé kan, òun á padà wá tò ó lọ́sàn-án.

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí ó bá wọlé, á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kí ìyá mi kó tó gbé àpò irinṣẹ́ sílẹ̀, á sì na gúgúrú sí mi. Mùsùlùmí ni, ìyá mi kì í sì í yé wàásù fún un, síbẹ̀ wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ bí àbúrò.

Nílé wa, a kì í lo ohun tuntun láìfi òróró àdúrà kàn án. Bàtà ni o, àpò iléèwé ni, jẹnẹrétọ̀ ni, kódà ìkòkò. Ìyá mi a ní, “Ohun tí a ò bá fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ọwọ́ ayé ló ń bọ́ sí.” Wọ́n á fi ìka kan tọ́ òróró sára páálí, a ó ṣe àmín, ó parí. Lọ́jọ́ yẹn, oníbàárà kan pè wọ́n síta, wọ́n ní kí n bá àwọn fi òróró kan ẹrù náà. Inú mi dùn, torí wọn kò gbé iṣẹ́ yẹn fún mi rí, mo sì fẹ́ ṣe é dáadáa ju àwọn alára lọ. Mo ṣí páálí, mo rọra tú náílọ́ọ̀nù. Ní ìsàlẹ̀ káàdì náà, eyín tó dà bíi wúrà tò sí i wẹ́wẹ́, àwọn ló máa wọnú kọ̀ǹpútà. Mo rò pé ibẹ̀ ló yẹ kí àdúrà gbà wọlé. Mo da òróró sí i, ó pọ̀ jù. Mo fi etí yẹ̀rì mi nù ún, mo dá a padà bí ẹni tí kò fọwọ́ kàn án.

Búọ̀dá Músílíù dé lọ́sàn-án, ó tò ó. Fáànù inú kọ̀ǹpútà ń yí, iná kékeré iwájú rẹ̀ ń tàn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú kirimú. Ó pààrọ̀ wáyà. Ó lọ gbé ojú kọ̀ǹpútà mìíràn wá láti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ó yọ mẹ́mọ́rì, ó fi rọ́bà tí àwa ọmọ iléèwé fi ń pa ìwé rẹ́ nu eyín rẹ̀, ó dá a padà. Káàdì tuntun yẹn nìkan ni kò nù, torí ta ló ń nu ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí? Mo jókòó lórí àpótí, mò ń wò ó. Ẹ̀rù ẹgba ìyá mi ń bà mí, ohun kan sì tún wà tó bà mí lẹ́rù ju ẹgba lọ: kí n la ẹnu sọ pé òróró Ọlọ́run ló ba nǹkan jẹ́.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti rẹ gbogbo wa. Ìyá mi yọ awò ojú wọn.

“Músílíù, àlòkù lo kó sínú páálí tuntun fún mi.”

“Mọ́mì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, tuntun ni mo rà. Mi ò lè ṣe irú ẹ̀ sí yín láéláé.”

“Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún,” ni ìyá mi wí, wọn kò parí òwe náà, wọ́n yíjú sí ògiri.

Ó yọ káàdì náà, ó lọ. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ó mú òmíràn wá, ìyẹn ṣiṣẹ́, àfi bíi pé ìyẹn gan-an ló dá a lẹ́bi. Ìyá mi ní bí kì í bá ṣe àlòkù ni èkínní, kí ló dé tí èkejì fi ṣiṣẹ́? Wọ́n sọ ọ́ fún àwọn onílé-ẹ̀kọ́ tó ń gbé ìbéèrè wá, àwọn yẹn sọ ọ́ fún ara wọn. Kí sáà náà tó parí, iléèwé kankan kò pe Búọ̀dá Músílíù mọ́. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, ike ni wọ́n ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Wọ́n ní ó ti kó lọ sí Ibafo. Bóyá òun náà nu káàdì yẹn nílé tó sì mọ̀, n kò lè sọ.

Mowe ni mò ń gbé báyìí, ní Lotto, èmi àti ìyá mi tó ti darúgbó. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń ya àwòrán tí mo fi ń jẹun. Lóṣù tó kọjá mo ra káàdì tuntun, kò gbé nǹkan kan wá sójú. Gbogbo ọ̀sán ni mo fi tú u tí mo fi tò ó, ẹ̀yìn ń ro mí, kí n tó rí i pé ihò àtijọ́ ni mo ṣì ki wáyà ojú kọ̀ǹpútà bọ̀, kì í ṣe ti káàdì tuntun. Ìyá mi ń wò mí láti orí àga. Wọ́n ní, “Àbí Músílíù ló tà á fún ẹ ni?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nílé wa, orúkọ ọkùnrin yẹn ti di orúkọ ohun ayédèrú gbogbo, látorí bátìrì títí dé oyin.

Mo ní rárá, ọwọ́ ẹlòmíràn ni mo ti rà á. Ojú tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo máa ń gba Ibafo kọjá bí mo bá ń lọ sí Èkó, mo sì máa ń sọ fún ara mi pé lọ́jọ́ kan màá sọ̀ kalẹ̀, màá bèèrè rẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ ọ́. Ọmọ tó jókòó lórí àpótí nígbà yẹn bẹ̀rù ẹgba, n kò lè bá a wí. Ṣùgbọ́n ìyá tí mò ń fà lọ́wọ́ lọ sí balùwẹ̀ láràárọ̀, ẹgba wo ni wọ́n tún fẹ́ fi nà mí?